Mo Ní Kí Ardo Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Gbọ́

Bí ẹ bá dé agbègbè Cedar ní Minneapolis lónìí, tí ẹ béèrè Idil ìyá Liibaan, ọmọ kékeré á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n á sọ fún yín pé èmi ni mo jà títí ìjọba fi gbọ́ ti àwọn ọmọ wa. Òótọ́ ni, mo jà. Àmọ́ ohun tí mo fi jà kì í ṣe tèmi, ẹni tó ni ín ò sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú. Liibaan ọmọ mi pé ọdún mẹ́rin láìpe mí ní ìyá. Bí mo bá pè é, kò ní wojú mi. Àwọn kan ní wèrè ni, àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ló gbé e. Dókítà ní ọ́tísìmù ni wọ́n ń pè é. Èdè wa ò ní orúkọ fún un, bẹ́ẹ̀ àwa ará Sòmálíà lórúkọ fún gbogbo ìrìn tí ràkúnmí ń rìn. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ fún ìtọ́jú, wọ́n ní ká lọ dúró fún oṣù méjìdínlógún.

Èmi tí n kò lè panu mọ́ fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn káàkiri ilé gogoro tí à ń gbé. Ará wa ló kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá gba yàrá ńlá tó wà nísàlẹ̀, màá se tíì oníwàrà, màá dín malawax, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ilẹ̀ wa, màá da oyin lé e lórí. Àwọn ìyá á yọ́ wọlé, wọ́n á ti fi ìborùn bo ojú dé imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni tó rí mi?" Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wọn nìyẹn.

"Gbogbo wa la rí ẹ," ni mo máa ń dá wọn lóhùn. "Jókòó, kí malawax má baà tutù."

Ohun tí à ń bèèrè ò pọ̀. A fẹ́ ibì kan nítòsí wa tí wọ́n á ti máa tọ́jú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí àwọn tó gbọ́ èdè wa wà níbẹ̀, kí ọmọ má sì máa dàgbà sórí ìlà. Òfin ló máa mú un ṣeé ṣe. Wọ́n gbé òfin náà lọ sílé aṣòfin lọ́dún àkọ́kọ́, ó kú síbẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n tún gbé e lọ.

Láàárín ìyẹn ni Hibaaq kan ilẹ̀kùn mi.

Àjà kẹrìnlá ló ń gbé, èmi wà ní àjà kẹsàn-án. Kò wá sípàdé wa rí. Inú lífítì la ti máa ń kíra. Ọmọ obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń wálé. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi. Ẹ má bi mí nǹkan kan."

Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin. Nínú yàrá, Sakariye ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi inú abọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìborùn kan wà ní ìdí rẹ̀. Etí ìborùn náà kejì wà ní ẹsẹ̀ tábìlì.

"Bí mo bá ń dáná, mo máa ń so ó mọ́ tábìlì," ni Hibaaq wí. "Bí a bá fẹ́ sùn, màá so ó mọ́ ìdí ara mi. Ẹ̀gbọ́n, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ọmọ yìí ò lè ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a lójú títì. Omi ló máa ń wá lọ, odò ló máa ń gbọ́ láti ibí."

"Guuleed ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Ó rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ló pẹ́ lẹ́nu ọmọ. Bí ìyá rẹ̀ ní Nairobi bá gbọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n á ní kí wọ́n gbé e wá. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń kó irú wọn sí, wọ́n ní àwọn ń lé àlùjọ̀nnú jáde. Ṣéènì ni wọ́n fi ń dè wọ́n. Àbúrò ìyá ọkọ mi kú síbẹ̀." Ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Bí àwọn ará ọ́fíìsì ọmọdé níbí bá tún gbọ́ pé mò ń so ó, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Ibi méjèèjì, ọmọ mi lọ. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Ẹ fi Ọlọ́run búra."

Mo di Kùránì rẹ̀ mú. Mo ní, "Wàláhì, ó kú sí mi nínú."

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè wá sílé aṣòfin ní Saint Paul. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Marit, obìnrin òyìnbó tó ń bá wa ṣètò ọ̀rọ̀ náà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Idil, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe wá kí wọn o. Ohun tí wọn ò ní lè gbàgbé ni kí o sọ. Bó bá tún kú lọ́dún yìí, ó di ọdún méjì sí i."

Ìyá méjì sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Aṣòfin kan ń tẹ fóònù, ọ̀kan ń fi ṣíbí ro kọfí. Mo wo bébà ọwọ́ mi. Ìtàn Liibaan ló wà níbẹ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ omi àti búrẹ́dì. Ọkàn mi sọ fún mi pé èyí ò tó. Liibaan ti ń sàn jù fún ohun tí mo fẹ́ gbà.

Ọkàn mi tún sọ fún mi pé n kò ní dárúkọ. Bí n kò bá dárúkọ, ta ni mo ṣẹ̀?

Mo ká bébà náà. Mo ní, "Obìnrin kan wà nínú ilé wa. Ìborùn ló fi ń so ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí kó tó lè sùn." Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìborùn, ẹsẹ̀ tábìlì, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin, odò. Ṣíbí tó ń ro kọfí dúró. Aṣòfin obìnrin kan yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omi lójú.

Irọ́ ni mo máa pa fún yín bí mo bá ní kò dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Marit dì mọ́ mi, ó ní a ti yege. Bí mo ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, orin ló wà lẹ́nu mi.

Ohun tí n kò rò ni pé wọ́n máa ń ya fídíò gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀. Ẹnì kan gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀, ó tú u sí èdè wa, ó jù ú sórí wásáàpù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí fóònù tí kò dé.

Ẹ má gbàgbé irú èèyàn tí a jẹ́. Ará Sòmálíà ò lè gbọ́ ìtàn láìmọ onítàn. Ọmọ ta ni? Ìdílé wo? Bàbá rẹ̀ àgbà ńkọ́? A ò ní sinmi títí a ó fi tò ó dé orí baba ńlá kẹwàá. Wọ́n wá a, wọ́n ò rí i, wọ́n wá fà á lé ẹni tó wà nítòsí lọ́wọ́. Èmi nìyẹn.

Mo wọ ọjà àwọn ará wa lọ ra ẹran, àwọn obìnrin ń wò mí. Bí mo ṣe kọjá, ọ̀kan ní, "Ẹ tọ́jú ewúrẹ́ yín o, alókùn dé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹran sílẹ̀, mo jáde.

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn méjì kan ilẹ̀kùn mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan, káàdì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní ẹnì kan ló pe ọ́fíìsì àwọn, pé mò ń so ọmọ mọ́lẹ̀. Wọ́n káṣọ Liibaan sókè. Wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọjà tó fẹ́ dá padà. Liibaan ń ké, ó ń bo etí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, àmọ́ àwọn á padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí ọjọ́ Mọ́ńdè túmọ̀ sí fún mi? N kò lè jẹun. Bí lífítì bá dún, màá sáré gbé Liibaan wọ yàrá.

Ibi tí mo jókòó sí ni Ardo, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní ìlú Columbus ní Ohio, ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ardo nífẹ̀ẹ́ mi, àmọ́ kò sí ohun tí ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Idil o! Ṣé ìwọ lo sọ ọmọ di ràkúnmí ni? Wọ́n ní o kan èèkàn mọ́ pálọ̀! Gbogbo Columbus ló ti gbọ́ o. Àbúrò mi, fèsì, kí n lè gbèjà rẹ. Ta ló ni ọmọ yẹn gan-an?"

Mo tẹ fóònù. Mo gbé e sún mọ́ ẹnu. Mo ní, "Ardo, Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́. Ìyàwó Guuleed Ilkadahab ni, òun ló ń so ọmọ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o."

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

Ká ní Hibaaq ni mo pè é, bóyá ì bá sàn díẹ̀. Hibaaq pọ̀ ní ìlú yìí, Guuleed náà pọ̀. Àmọ́ láàárín tiwa, àpèlé ni èèyàn. Orúkọ tí bàbá sọ ọmọ lè jọ ti ẹgbẹ̀rún èèyàn, àpèlé ò lè jọ tẹnì kan. Ilkadahab ni Eléyín-wúrà. Ọ̀kan ṣoṣo ni Guuleed Eléyín-wúrà tó wà láyé yìí, láti Minneapolis dé Nairobi dé Mogadishu. Àpèlé ló ti mọ́ ẹnu mi lára láti kékeré, òun ló sì yọ jáde. Ìgbà tí mo máa rántí, mo fẹ́ pa á rẹ́. Àmì búlúù méjì ti yọ. Ardo ti gbọ́ ọ.

Ardo ṣì ń búra dòní pé ẹnì kan péré ni òun fi ránṣẹ́ sí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Nairobi. Ó ní òun náà kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Kí n tó kírun Àlàásárì tán, ó ti dé etí ìyá Guuleed.

Ọjọ́ kejì ni Hibaaq wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, àbúrò Sakariye, wà ní èjìká, ó ń fa Sakariye lọ́wọ́. Kò ní ìborùn lórí. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mọ̀. Guuleed pè mí láti Montana. Ó ní, 'Ṣé òótọ́ ni pé o so ọmọ mi bí ẹran?' Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e wá ní kíá. Àwọn ará ọ́fíìsì náà ti wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí mo bá tún so ó, àwọn á gbé e lọ. Mo ti tú u. Mi ò lè so ó mọ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ni kí n ṣe?"

Ó wá wò mí. "Ta ló sọ? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí ni kí ẹ ti kẹ́gàn mi. Ilẹ̀kùn ìjẹ́wọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ká ní mo wọ̀ ọ́, à bá jọ ronú, à bá pín ọmọ náà ṣọ́, kí èmi ṣọ́ ọ láàárọ̀, kí òun ṣọ́ ọ lálẹ́. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òfin tó fẹ́ yege, orúkọ mi, gbogbo rẹ̀ ń yí lójú mi.

Mo ní, "Wàláhì, kì í ṣe èmi. Bóyá aládùúgbò rẹ ló gbọ́ igbe ọmọ."

Ó sunkún sí mi lọ́rùn. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo gbọ́ igbe láti òkè. Mo mọ igbe náà kí n tó dìde.

Hibaaq yípadà láti pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ ọwọ́. Ó ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣí. Ẹsẹ̀ bàtà ọmọ náà kan wà lẹ́nu ọ̀nà lífítì.

Oṣù kẹrin ọdún ni. Yìnyín odò Mississippi ń fọ́ lọ́wọ́, èèyàn lè gbọ́ bó ṣe ń han láti ìdí ilé wa.

Àwọn ọkùnrin tú jáde láti mọ́sálásí, àwọn tó ń wa takisí páàkì ọkọ̀ wọn sójú títì, wọ́n sáré. Àwọn obìnrin ń wá a láti àjà dé àjà, nínú àtẹ̀gùn, nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi ni mò ń pín wọn. Ọlọ́pàá dé, wọ́n bi Hibaaq léèrè ọ̀rọ̀, Hibaaq ò lè fọhùn. Èmi fọhùn.

"Ẹ má fọn fèrè ọkọ̀ yín o, á sá lọ. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀, kò ní dáhùn. Omi ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọrin fún un, ẹ má sáré sí i."

Ọlọ́pàá náà ń kọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀?"

Màmá Shamso, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Idil, gbogbo wa la ń gbé ilé kan náà. Báwo lo ṣe mọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí?"

Kí n tó dáhùn, fóònù Hibaaq dún. Guuleed ni. Ó fi ohùn kan ránṣẹ́. Hibaaq rò pé wọ́n ti rí ọmọ ni, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ohùn mi ló jáde.

"Ardo, Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́. Ìyàwó Guuleed Ilkadahab ni, òun ló ń so ọmọ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o."

Ó tó ogójì obìnrin tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé yẹn.  Ọlọ́pàá tí kò gbọ́ èdè wa ń wo ojú kan dé èkejì.

Hibaaq sọ fóònù kalẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí ní ìwọ rí. Ẹ̀yin ló máa ń pè mí.

"Ìwọ ni. O di Kùránì mi mú. O tún búra fún mi lẹ́ẹ̀kejì, mo sunkún sí ọ lọ́rùn. Idil, ọmọ mi dà?"

 Màmá Shamso ló dá sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wá ọmọ ná. Ti Idil á dúró dè wá."

Mo sá lọ sí ìdí odò. Ẹ̀rù tó wà lára mi lọ́jọ́ náà, n kò lè kọ ọ́ tán. Mo ń yọ̀ lórí òkúta, mò ń ṣubú, mò ń dìde. Gbogbo ohun dúdú tó léfòó nínú omi ni mo rò pé orí ọmọ ni. Mo rí bàtà rẹ̀ kejì láàárín òkúta méjì, omi ti wọ inú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kó gba ohun tó bá wù ú lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo rántí pé Liibaan ni mo ní, mo tún ní rárá o, Ọlọ́run, má tíì gbọ́ ìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo nísàlẹ̀ afárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló rí i. Sakariye dúró nínú omi dé itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti dúdú.

Hibaaq kò pariwo. Ó wọ inú omi náà pẹ̀lú bàtà ilé tó wọ̀, ó ń kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún títí ọmọ náà fi yíjú sí i. Ó gbé e jáde. Mo bọ́ kóòtù mi, mo nà án sí i.

"Gbé e sílẹ̀," ló wí.

Mo gbé e sílẹ̀. Orí òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ mú un, ó fi wé ọmọ rẹ̀. Kò gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà lò ní ọsibítù. Kí ó tó jáde, Guuleed ti já tírélà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti dé. Baba Xirsi tó jẹ́ olórí ìdílé wa kó àwọn àgbà jọ, wọ́n mú mi lọ bẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọkùnrin mọ́kànlá jókòó, èmi nìkan ni obìnrin. Mo jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò yọ ìbúra méjèèjì kúrò. Mo bẹ Guuleed pé kó má gbé ọmọ lọ. Mo ní òfin ti fẹ́ yege, wọ́n á kọ́ ibi ìtọ́jú náà, Sakariye ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà.

Guuleed jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Eyín wúrà rẹ̀ ò hàn, nítorí kò ya ẹnu púpọ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló wí. "Nítorí àwọn àgbà yìí. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan. Bí mo bá padà sójú ọ̀nà lọ́la, ta ni yóò ṣọ́ ọmọ mi? Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ so ó. Òfin tí ò ń wí yẹn, ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Oṣù kan," ni mo wí. "Lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ọdún kan kí wọ́n tó kọ́ ọ tán."

Ó dìde. "Odò ò ní dúró fún ọdún kan."

 Lọ́jọ́bọ̀, Guuleed mú Sakariye lọ sí Nairobi fún ìyá tirẹ̀. Ìwé ìrìnnà ọmọ ọwọ́ ò tíì jáde, Hibaaq ò lè tẹ̀ lé wọn. Oṣù méjì ló fi ń rìn lókè orí mi nínú ilé yẹn, òun àti ọmọ ọwọ́. Bó bá wọ lífítì tó bá mi níbẹ̀, á jáde, á gba àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, òun náà lọ.

Òfin náà yege ní oṣù karùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Marit ń sunkún ayọ̀, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ìtàn ìborùn yẹn ló ṣe é. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ibi ìtọ́jú náà ṣílẹ̀kùn, òpópónà méjì sí ilé wa. Àwọn ọmọbìnrin tó gbọ́ èdè wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa dúró lẹ́bàá omi, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá náà bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọmọ láìsí okùn. Liibaan mi ń lọ síbẹ̀. Ó ti ń pè mí ní ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún ọmọ yín, ẹ má torí tèmi dákẹ́. Ẹ jà. Àmọ́ ìtàn ara yín ni kí ẹ gbé síwájú ìjọba, bó ti wù kó kéré tó. Bí ẹ bá sì ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ tètè jẹ́wọ́ fún ẹni tó kàn lọ́jọ́ tó bá bi yín, nítorí ọjọ́ yẹn ni àtúnṣe ṣì rọrùn. Ìbúra mi kejì ló fi ọmọ náà sílẹ̀ láìsí ẹni tó bá ìyá rẹ̀ ṣọ́ ọ.

Nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, Hibaaq fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbúròó rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú méjì ni ohùn náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọmọ náà ti kú.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, kò bínú. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lé àlùjọ̀nnú náà ni òun ti bá Sakariye, ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun jà títí òun fi gbà á jáde. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé báyìí ní àdúgbò Eastleigh ní Nairobi. Ìwé ìrìnnà ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ òun, kò fẹ́ mú un sílẹ̀. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì ibẹ̀, nítorí náà òun ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í so ó.

 Mo gbọ́ tí omi ń dún nínú abọ́.

"Àwọn ìyá ibí máa ń bi mí," ló wí, "pé ṣé òótọ́ ni pé ibì kan wà ní Minneapolis tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ yìí. Mo ní òótọ́ ni. Wọ́n ní ta ló jà fún un. Mo ní Sakariye ni. Wọ́n ní, 'Ṣé ó dáa níbẹ̀?' Mo ní kò tíì wọ ibẹ̀ rí."